Àlájà Nosrat àti Owó Ilé Oṣù Mẹ́jọ

Kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Nosrat ní Àlájà. Mẹ́kà kan ṣoṣo tó mọ̀ ni èyí tó wà nínú àwòrán ara ògiri yàrá rẹ̀, tí Asghar ọkọ rẹ̀ rà bọ̀ láti Qom nígbà tó ṣì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣùgbọ́n ní Kashan, ìlú kan ní Iran, obìnrin tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, tí aládùúgbò kankan ò sì gbóhùn rẹ̀ lókè rí, Àlájà ni wọ́n á sọ ọ́ dà, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń ṣàlàyé pé òun ò tíì lọ. Wọ́n á ní, "Ẹ ó lọ, lágbára Ọlọ́run." Nígbà tí àlàyé sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ.

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi jókòó nídìí òfì kápẹ́ẹ̀tì, tó ń ta kókó òwú sára òwú, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ díẹ̀, tí ojú rẹ̀ ò sì rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Kò bímọ. Kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi í. Nígbà tí Asghar kú, ìdajì ilé ló fi sílẹ̀ fún un nínú ilé alágbàlá àtijọ́ tí bàbá Asghar fún òun àti àbúrò rẹ̀, Heshmat. Ìdajì kejì, ti Heshmat ni. Heshmat ń ta táyà lójú títì tó lọ sí Natanz, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fi ojú oníṣòwò wo ilé náà, nítorí àwọn tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́fà ti bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí òun àti Nosrat jọ fẹnu kò lé lórí ni pé kí wọ́n fi yàrá méjì tó wà lódìkejì àgbàlá háyà, kí wọ́n sì pín owó rẹ̀ sí méjì: ìdajì fún Heshmat, ìdajì fún oúnjẹ Nosrat. Níwọ̀n ìgbà tí owó yẹn bá ṣì ń wọlé, Heshmat ò ní dárúkọ títà. Bí kò bá wọlé mọ́, wọ́n á ta ilé, Nosrat á sì lọ máa gbé yàrá ẹ̀yìn nílé Heshmat, lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó máa ń ka iye hóró ṣúgà tí àlejò fi mu tíì.

Yadollah ló gba yàrá méjèèjì. Ó ń hun aṣọ àrán ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú. Abúlé kan lórí òkè ni ìyàwó rẹ̀, Golnar, ti wá. Fún ọdún mẹ́ta, Yadollah ò jẹ́ kí owó ilé kọjá ọjọ́ kìíní oṣù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé iṣẹ́ náà tilẹ̀kùn, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ máa retí ìpè. Wọ́n retí títí, ìpè ò dé.

Kì í ṣe ebi ló ń ba Yadollah lẹ́rù jù. Bàbá Golnar ni. Darandaran ni Bàbá Rajab, kò sì fẹ́ fọmọ fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, lójú gbogbo èèyàn, ó ní ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé ọmọ òun ń sùn sílé tí ọkọ rẹ̀ ò sanwó rẹ̀, ọjọ́ náà lòun á wá gbé e padà sórí òkè. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, Yadollah ò jẹ́ kí Golnar mọ̀ pé òun ò sanwó ilé mọ́. Iṣẹ́ lébìrà tó ń rí ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ò kọjá oúnjẹ. Bí oṣù bá ti wọlé, á mú àpò ìwé kan tí nǹkan kan ò sí nínú rẹ̀ dání, á gba àárín àgbàlá kọjá, Golnar á máa wò ó láti ojú fèrèsé, á sì wọ yàrá Nosrat.

"Àlájà, ojú ń tì mí."

"Ojú wo ló ń tì ọ́? Jókòó jàre. Tíì ti hó."

"Oṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́..."

"Ta ló bi ọ́ ní oṣù tó ń bọ̀? Ṣé èmi nìkan ni mo nilé ni? Ilé ẹ ni. Èmi gan-an, àlejò ẹ ni mí."

"Ẹ ti gbé wa sórí jù, Àlájà."

"Orí mi, ojú mi, gbogbo ẹ̀ tìẹ ni. Mu tíì ẹ kó tó tutù."

Lẹ́yìn tó bá lọ, Nosrat á tú ẹnu àpò ìrẹsì, á wo ibi tó kù sí, á sì tún dì í.

Kò purọ́ fún un, kò sì sọ òótọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Oníbúrẹ́dì á ní, "Ẹ fowó yín sápò, Àlájà, kò tó nǹkan," bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ á ti nà síta. Bí wọ́n bá gbé èso síwájú ẹ, wàá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta lo máa mú un. Ẹni tó bá mú un lákọ̀ọ́kọ́, wọn ò kọ́ ọ nílé. Ẹni tí kò bá sì fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò kọ́ òun náà. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, adájọ́ mọ̀ ọ́n, ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n. Nosrat ò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn ń gbà bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Láàárín ìgbà òtútù, Heshmat wá. Kò bọ́ bàtà, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Aya ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé àánú lẹ dá sílẹ̀ ni, kí n wá gbé bẹ́ẹ̀dì tèmi wá?"

"Wọlé, Heshmat. Òtútù ń wọlé."

"Oṣù méje! Ẹ lé e jáde, ká ráyè gba ẹlòmíì."

"Nínú yìnyín yìí?"

"Yìnyín ò mọ ilé tèmi ni?" Ó fa ìwé ìròyìn kan yọ lábẹ́ apá. "Ó dáa, ẹ gbọ́. Ìjọba tó máa ń gbà lọ́wọ́ wa ní òun fẹ́ fún wa báyìí. Onílé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ayálégbé rẹ̀, tí kò sì lé e jáde, wọ́n á san gbogbo owó ilé tó pàdánù fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù. Bí owó yẹn bá dé kí ọdún tuntun tó wọlé, mo ti dákẹ́. Bí kò bá dé, màá pe àwọn kọ́lékọ́lé. Ẹ ò ní lè ní mi ò sọ fún yín."

Nosrat bẹ̀ ẹ́ kó mu tíì. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ.

Nosrat àti Yadollah jọ lọ gba fọ́ọ̀mù, wọn ò sì jẹ́ kí Golnar mọ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì kọ ọ́ fún wọn, ó ní ẹnì kan á wá sílé láti bi onílé àti ayálégbé ní ìbéèrè kan ṣoṣo, lójú ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni Nosrat ti ń kọ́ Yadollah bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé.

"Bí wọ́n bá bi ọ́, kí lo máa sọ?"

"Oṣù mẹ́jọ ni mi ò tíì sanwó ilé."

"O ń sọ ọ́ fún kápẹ́ẹ̀tì. Gbójú sókè."

"Oṣù mẹ́jọ ni mi ò tíì sanwó ilé, Àlájà."

"Ó ti dáa. Má fi Àlájà kún un."

Lọ́jọ́ tí ẹni náà máa wá, ọdún tuntun ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nosrat rán Golnar lọ sọ́jà ọ̀nà jíjìn pé kó lọ ra àlìkámà tí wọ́n máa ń hù sínú àwo fún ọdún. Lẹ́yìn náà, ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó sì kó gbogbo ohun tó wà nílé jáde: ọsàn, kùkúḿbà, èso àjàrà gbígbẹ, àti ife olómi góòlù tó jẹ́ ti ìgbéyàwó rẹ̀. Ó lọ yá àwo kún un. Ẹni tó bá rí i á rò pé ìjọba ló wá tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò lálejò í jẹ́ fún Nosrat, kò lè fi àwo òfìfo pàdé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gbẹ́ni Sohrabi lorúkọ ẹni náà, ọkùnrin tó ti lé lógójì, tó ń wúkọ́, tó gbé ẹ̀rọ pẹrẹsẹ kan dání. Ilé kẹrin rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Yadollah jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ti fárùngbọ̀n. Sohrabi ti tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti ń wá orúkọ, nígbà tí ìlẹ̀kùn ìta dún. Golnar ló wọlé, Bàbá Rajab sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò lórí èjìká. Ó wá ṣe eyín ní ìlú ni, kò sì ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Golnar rí i ní gáréèjì kó tó dé ọ̀dọ̀ alálìkámà, nítorí náà ó ra àlìkámà nítòsí, wọ́n sì yà padà sílé.

Gbogbo wọn dìde fún bàbá náà. Wọ́n fi ibi tó ga jù nínú yàrá lọ̀ ọ́, ó kọ̀, ó kọ̀, ó jókòó. Golnar dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nosrat wo Sohrabi bí ẹni pé kó ní òun á padà wá lọ́la, ṣùgbọ́n Sohrabi ṣì ní ilé mẹ́ta tó fẹ́ dé.

"Àlájà," ló wí, "ó wà níbí pé ayálégbé yín, Ọ̀gbẹ́ni Yadollah, ò tíì sanwó ilé láti oṣù mẹ́jọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ṣíbí tí Bàbá Rajab fi ń ro tíì dúró. Nosrat wo Yadollah. Yadollah ń wo òdòdó ara kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Etí rẹ̀ ti pọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe Nosrat ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnu rẹ̀ sì ti ṣí kó tó mọ̀.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Yadollah kẹ̀? Kò jẹ mí ní gbèsè kankan."

Sohrabi gbójú sókè. "Àlájà, ẹ fara balẹ̀. Ṣé ohun tí n ó kọ nìyẹn? Bí mo bá kọ ọ́, owó ò ní jáde o."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó nílò rẹ̀ jù wá lọ pọ̀ nílùú. Ẹ mú ọsàn, ẹ ò tíì fẹnu kan nǹkan kan."

Sohrabi wò ó fúngbà díẹ̀, ó wo bàbá tó jókòó lókè, ó sì fi ìka tẹ ẹ̀rọ. Ọkàn Nosrat balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣì kù. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa á bi í ní ẹ̀ẹ̀kẹta lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tó bá ń wọ bàtà, níbi tí àwọn tó wà nínú ilé ò ti ní gbọ́. Ó ti rò ó pé òun ti bo Yadollah láṣìírí, òun ò sì pàdánù nǹkan kan. Ó sin àlejò rẹ̀ jáde tayọ̀tayọ̀.

Sohrabi wọ bàtà kan. Kò bi í ní nǹkan kan.

"Ọmọ mi," ni Nosrat wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ ò tíì bi mí ní ẹ̀ẹ̀kẹta."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta kí ni, Àlájà?"

"Òótọ́ ni. Oṣù mẹ́jọ ni. Ẹ kọ ọ́ báyìí, wọn ò gbọ́."

Bàtà kejì wà lọ́wọ́ Sohrabi. "Àlájà, ó ti lọ."

"Ó ti lọ síbo?"

"Tehran. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ yẹn, ó ti dọ́hùn-ún."

"Ẹ pè é padà."

"Kì í ṣe èèyàn, Àlájà. Kì í gbọ́ ìpè."

"Ẹ rí bàbá yẹn tó jókòó! Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni. Kí lẹ rò pé mo máa sọ lójú rẹ̀?"

"Mo mọ̀. Màmá tèmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi bi yín lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ló wà nínú fọ́ọ̀mù." Ó wọ bàtà kejì. "Ọ̀nà kan ló kù. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kí ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì, kó fọwọ́ sí i pé òun ò sanwó. Òun fúnra rẹ̀ o. Tiyín ti parí."

 Inú bí Nosrat sí Sohrabi, ó bí i sí ẹ̀rọ, ó bí i sí Yadollah tó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló wá bí i sí ẹnu ara rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìbínú náà fi rọ̀ tó láti wọlé.

Nínú yàrá, Bàbá Rajab ń rẹ́rìn-ín, gbogbo àlàfo ẹnu rẹ̀ hàn síta. "Àlájà! Àgbà ọ̀jẹ̀ ni yín! Ẹ fẹ́ fi ọmọ wa jẹ owó ìjọba, nígbà tẹ́ẹ rí mi, ẹ̀rù bà yín!" Ó gbá Yadollah lórúnkún. "Ọmọ mi, wọ́n ní o ò jẹ gbèsè. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu onílé fúnra rẹ̀."

Kò pe Yadollah ní ọmọ rẹ̀ rí. Yadollah ń bó ọsàn, ó bó o dáadáa, ó yọ gbogbo fọ́nrán funfun ara rẹ̀, kò sì jẹ ẹ́.

Golnar ò rẹ́rìn-ín. "Àlájà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ fún wọn pé a ò sanwó?"

"Àṣìṣe ọ́fíìsì ni, ọmọ mi."

"Orúkọ Yadollah ni wọ́n pè. Ta ló sọ ọ́ fún wọn?"

"Mu tíì," ni Nosrat wí.

Ọjọ́ mẹ́wàá náà lọ báyìí. Bàbá Rajab ò mọ ìlú, Yadollah ló ń sìn ín lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Eyín tí wọ́n ṣe fún un kọ́kọ́ tóbi jù, wọ́n rẹ́ ẹ. Ó wá ń mì, wọ́n tún un ṣe. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Yadollah ń sọ fún Nosrat lẹ́bàá adágún àgbàlá pé, "Lọ́la, Àlájà." Lọ́jọ́ kẹwàá, ó lọ lóòótọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó rí ará abúlé Golnar kan lórí ìlà, ó sì yí padà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá jẹ́wọ́ fún Nosrat, ó sì sunkún. Nosrat da tíì fún un.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí Nosrat ò sọ fún Golnar. Ó gbìyànjú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gba àgbàlá kọjá, ó sì kan ìlẹ̀kùn. Golnar ń po ìyẹ̀fun, kò ní kó jókòó, ohun tí kò ṣe rí.

"Golnar, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn..."

"Àlájà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Bàbá mi ní láti ọjọ́ tí mo ti lọ́kọ, ọjọ́ yẹn ni àwọn kọ́kọ́ sùn dáadáa."

Nosrat ní òun wá wo bóyá wọ́n níyọ̀ ni. Golnar bu iyọ̀ fún un, Nosrat sì gbé e padà sí yàrá rẹ̀, níbi tí iyọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà dé nígbà tí ọdún tuntun ku ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá Rajab ti gbé eyín rẹ̀ lọ sórí òkè. Ojú Nosrat ò ka irú lẹ́tà wínníwínní bẹ́ẹ̀, Yadollah ò sì sí nílé, nítorí náà Golnar ló kà á fún un ní ìdúró. Ó ní ìjọba dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní onílé fúnra rẹ̀ jẹ́rìí lójú òṣìṣẹ́ ìjọba pé òun ò pàdánù owó ilé kankan, nítorí náà kò sí ìrànwọ́ tó tọ́ sí i.

Golnar ká lẹ́tà náà. "Òótọ́ ni wọ́n sọ, Àlájà."

"Òótọ́ ni," ni Nosrat wí.

Heshmat ò pariwo. Ó ṣàánú rẹ̀ gan-an, ó bọ́ bàtà lọ́jọ́ yẹn, ó sì mu tíì ife méjì. Lẹ́yìn ìsinmi ọdún, wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé títà ilé. Ìyàwó Heshmat ní kí Nosrat má kó ẹrù púpọ̀ wá, pé yàrá ẹ̀yìn náà ò fẹ̀. Nosrat ta òfì, ó fi ife olómi góòlù fún aládùúgbò tó yá a ní àwo. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Yadollah ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ táìlì kan ní Meybod, wọ́n sì fún un ní yàrá kan níbẹ̀. Ó sọ fún Nosrat pé òun á máa fi owó ilé tí òun jẹ ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀; ó sọ ọ́ ṣá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń kó lọ, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré dúró lójúde. Yadollah wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń so okùn. Golnar wá bá Nosrat lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ẹni tó bá ń kúrò nílé kan gbọ́dọ̀ tọrọ ìdáríjì kó tó lọ, kí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan má bàa wà lọ́rùn ẹnì kejì.

"Àlájà, a ti jọ gbé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́rin. Bá a bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì wá."

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Bó bá sì wà, mo ti forí jì yín."

Golnar dúró, ó ń retí tirẹ̀. Nosrat wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Okùn ti so tán, bẹ́ẹ̀ Yadollah ṣì ń so ó.

"Èmi náà," ni Nosrat wí níkẹyìn, "bí mo bá ti ṣẹ̀ yín..."

"Mi ò ní purọ́ fún yín, Àlájà, ọ̀rọ̀ ìjọba yẹn dùn mí dọ́kàn. Pé ẹ lè fi orúkọ ọkọ mi tọrọ owó, ọkọ mi tí ò jẹ yín ní nǹkan kan." Omi lé sójú Golnar. Ó di ọwọ́ àgbàlagbà náà mú. "Ṣùgbọ́n ẹ ti dàgbà, ẹ ò sì lẹ́nì kankan. Mo forí jì yín."

Ọwọ́ Yadollah dúró lórí okùn. Kò yíjú padà.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Nosrat wí. "Ọlọ́run á san án fún ọ."